Ọ̀já Òwú Dídán

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ní Ìwó pé òwú dídán kì í lè dúró nínú omi, Àrínọlá ti mọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló mọ̀ ọ́n, oṣù méje gbáko kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀.

Ahunṣọ ni Àrínọlá. Opó ni, ó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún. Abọ́dúnrìn ọkọ rẹ̀ kú nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú, ṣùgbọ́n agbo ilé ọkọ náà ló ṣì ń gbé. Òfì gíga tí àwọn obìnrin fi ń hun kíjìpá dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, òwú tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ran ló fi ń hunṣọ. Kíjìpá rẹ̀ nípọn. Àgbẹ̀ tó bá fi dá ṣòkòtò oko, ọdún á gorí ọdún kó tó ya, tó bá tilẹ̀ máa ya.

Rélùwéè ló gbé òwú dídán dé. Ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin nígbà náà, ibẹ̀ sì ni Oyèníkẹ́, ọ̀rẹ́ Àrínọlá, ti ń rà á wá sí ọjà. Ó ń dán bí ṣẹ́dà, àmọ́ kì í ṣe ṣẹ́dà. Ṣẹ́dà àti sányán, ara kòkòrò ni wọ́n ti ń jáde. Oyèníkẹ́ bi akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù náà léèrè ibi tí òyìnbó ti rí eléyìí, ó sì wá ròyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Igi ni,” Oyèníkẹ́ wí. “Wọ́n á gé igi, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi oró títí yóò fi rí bí oyin. Wọ́n á wá tì í gba ojú ihò tí kò tó ti abẹ́rẹ́. Bó ṣe ń jáde ló ń di òwú.”

Àrínọlá fi òwú náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tutù, ó sì ń yọ̀.

“Igi wo?”

“Ṣé èmi ni mo gé e ni?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Àwọn ahunṣọ a máa rẹ òwú sínú omi èkọ kí wọ́n tó gbé e sórí òfì, kó lè le. Ohun tí Àrínọlá ṣe sí òwú dídán àkọ́kọ́ tó rà nìyẹn. Nígbà tó ń gbé e jáde nínú ìkòkò, ó já sí i lọ́wọ́. Kò fà á o, ó kàn gbé e ni. Ó rò pé èyí tí wọ́n tà fún òun ni kò dára. Ó sá ìyókù sóòrùn, nígbà tó sì gbẹ, ó tún le padà, ó fà á títí, kò já. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ó wá mú ìdì òwú méjì tó dọ́gba, ó so ọmọ ọlọ rọ̀ mọ́ èyí tó gbẹ, òwú náà gbé e. Ó so ọmọ ọlọ kan náà mọ́ èyí tó tutù. Kò tíì gbọ́wọ́ kúrò tán tí ọmọ ọlọ fi bọ́ lulẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló ń rí.

Ó lọ bá Oyèníkẹ́ ní ìsọ̀ rẹ̀. “Òwú yìí kò gbọdọ̀ rí omi o.”

“Ta ló ní kó o fi omi kàn án? Aṣọ ìmúròde ni. Ta ní í múra òde lọ pọnmi?”

“Òjò ńkọ́?”

“Tí òjò bá ń rọ̀, kí wọ́n jókòó sílé.” Oyèníkẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. “Àrínọlá, jọ̀ọ́, má bá wa ba ọjà jẹ́. Gbogbo ìlú ló ń béèrè rẹ̀.”

Òótọ́ ni. Gbogbo ìlú ló ń béèrè rẹ̀. Kíjìpá Àrínọlá ń ga sí i ní kọ̀rọ̀ yàrá, kò sẹ́ni tó yà wò ó. Ohun tí àwọn abiyamọ ń fẹ́ ni ọ̀já òwú dídán, èyí tí oòrùn máa ń kọ mọ̀nà lára rẹ̀ tí wọ́n bá pọn ọmọ lọ síbi ìkómọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí hun ún. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń fi òwú ilé há a láàárín kó lè lágbára. Ṣùgbọ́n òwú ilé a máa pa dídán rẹ̀, àwọn oníbàárà á gbé e síta wò, wọ́n á ní èyí tó ń ti Ìlọrin wá dán jù ú lọ. Nígbà tó yá, ó yọ òwú ilé kúrò pátápátá. Bí ẹni tó rà á bá ń lọ, á ní, “Ẹ má jẹ́ kó kan omi o,” bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí eku jẹ ẹ́. Kò sọ ìdí rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó bi í.

Nínú agbo ilé kan náà ni Ràfíátù wà. Ìyàwó Mùkáílà ni, Mùkáílà sì ni àbúrò ọkọ Àrínọlá tó kú. Ọmọ kékeré ni Mùkáílà nígbà tí wọ́n gbé Àrínọlá wọlé, síbẹ̀ Àrínọlá kò fi orúkọ pè é rí, Adúmáadán ló ń pè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Ràfíátù wá, Àrínọlá ló bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mẹ́ta ni Ràfíátù bí, kò sí èyí tó lo ogójì ọjọ́ nínú wọn. Ìkẹrin ni Ràhámọ̀tù. Ó sanra, ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ, ó hu eyín méjì, gbogbo ẹni tó bá yọjú ló ń fi eyín náà rẹ́rìn-ín sí.

Nígbà tí Iléyá ku oṣù kan, Ràfíátù wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì.

“Ìyáálé mi, ẹ bá mi hun ọ̀já. Ti òwú dídán.”

“Èyí tí mo hun fún ọ nígbà ìkómọ ńkọ́? Ó ṣì lágbára dáadáa.”

“Ó lágbára, Ìyáálé mi. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wo ọ̀já lẹ́yìn ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ ọdún, mo fẹ́ kí wọ́n rí tèmi láti òkèèrè.”

Àrínọlá fẹ́ sọ ọ́. Ó tilẹ̀ la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tí òun bá sọ ọ́ fún ẹyọ ẹnì kan, kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo agbo ilé ni yóò ti gbọ́, àwọn tó ti ra ọ̀já náà yóò sì máa wá bi òun léèrè ohun tí òun tà fún wọn. Ó wo ojú Ràfíátù, ó pa ẹnu dé.

“Ti òde ni o,” ló wí. “O ò gbọdọ̀ gbé e lọ oko.”

“N kò ní gbé e lọ oko, Ìyáálé mi.”

Ó hun ún ní pupa bí osùn, ó fi funfun là á láàárín, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti yídì, ẹ̀yìn Ràfíátù ni gbogbo ojú wà. Inú Àrínọlá dùn. Kò sí ìdí tí inú rẹ̀ kò fi ní dùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Dúró, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá ti Mùkáílà pààlà, sáré wọ agbo ilé. Ó ní àdá ti ṣá Mùkáílà lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá, kò sì lè rìn. Òdìkejì odò Ọbà ni oko wọn wà. Ràfíátù kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ó kó oúnjẹ àti àkísà mímọ́ sínú igbá, ó nawọ́ sí ọ̀já rẹ̀ àtijọ́. Ọmọ ti tọ̀ sí i láàárọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, omi ṣì ń ro tótó lára rẹ̀ lórí okùn. Ó wọ yàrá, ó mú ti òwú dídán.

Àrínọlá wà ní ìdí òfì. Ó rí i bó ṣe ń jáde. Ó rí pupa ọ̀já náà lẹ́yìn rẹ̀ àti orí ọmọ tó yọ lókè. Ó ní kí òun pè é padà. Ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀ lásìkò náà, ara Ràfíátù kò sì balẹ̀. Àrínọlá rò ó pé tí òun bá dá a dúró nítorí ọ̀já, wọn á ní òun kò mọ ohun tó ṣe pàtàkì. Ó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Òjò bá wọn lójú ọ̀nà, ó rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Nígbà tí wọ́n dé Ọbà, ibi tí wọ́n máa ń là kọjá ti kún dé ìbàdí. Dúró ló ṣáájú, ó ń fi igi wádìí ìsàlẹ̀ omi. Ràfíátù tẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ kan di igbá orí rẹ̀ mú, ó fi èkejì di ìró rẹ̀ mú. Láàárín odò, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàdédé fúyẹ́. Kò ké. Ó kọ́kọ́ rò pé ọmọ ń na ara ni. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn, omi ló bá níbẹ̀.

Ó ju igbá sọnù, ó rì sínú omi. Dúró bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dúró fà á sókè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló já mọ́ ọn lọ́wọ́ tó tún rì lọ. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ yòókù gbọ́ igbe, tí wọ́n dé, ènìyàn mẹ́fà ló wọ́ ọ gun òkè. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n rí Ràhámọ̀tù nísàlẹ̀ odò, níbi tí àwọn apẹja fi ọgbà dí omi sí.

Ìlàjì ọ̀já náà ṣì wà ní ìbàdí Ràfíátù nígbà tí wọ́n gbé e délé. Ẹnì kan tú u, ó jù ú sí ìdí ògiri. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Wọ́n sin ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Dúró ti sọ fún wọn pé ọ̀já náà já. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ dé ìdí kànga, “ó já” ti di “ó tú”. Ọ̀já tú. Ta ló dì í? Ìyá ọmọ ni. Àwọn obìnrin á mi orí, wọ́n á ní, “Ẹni tí ọmọ kì í pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, níbo ni yóò ti mọ ọ̀já í dì?” Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ inú ilé tọ Ràfíátù lọ. Ó jókòó sórí ẹní, ó fi gèlè rẹ̀ yí orúnkún ká, ó dì í, ó tú u, ó tún un dì.

“Báyìí ni mo ṣe dì í,” á wí. “Àbí báyìí?”

Ojoojúmọ́ ni Àrínọlá ń gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ. Ojoojúmọ́ ló ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń dì, tó ń tú. Ọjọ́ méje ló fi wò ó, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti tutù, á gbé e padà, á lọ jókòó sí yàrá rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti kìlọ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ gbé e lọ oko, àbí kò sọ ọ́? Ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ tó, kò wọ̀ ọ́ létí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, gbogbo agbo ilé pé jọ fún àdúrà. Alfa Fàtáì ṣe é, wọ́n pín sàárà. Lẹ́yìn náà ni Mùkáílà sọ̀rọ̀. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. Kò pariwo.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá Ràfíátù padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ilé-Ogbó. N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọwọ́ rẹ̀ báyìí, n kò lè jẹun.”

Ràfíátù kò gbé ojú sókè. Gèlè wà ní orúnkún rẹ̀.

Àrínọlá dìde. Ó wọ yàrá, ó gbé abọ́ omi jáde, ó gbé ọ̀já tuntun kan tí kò tíì tà jáde pẹ̀lú. Ó ri í bọ omi níwájú gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀ síwájú Mùkáílà, ó nà án sí i.

“Adúmáadán, ẹ fà á.”

“Kí ni mo fẹ́ fà á fún?”

“Ẹ bá mi fà á.”

Mùkáílà gbé ọ̀pá ti ògiri, ó di ọ̀já náà mú létí méjèèjì, ó fà á. Kò dún. Ó ya sọ́tọ̀ bí ewé èkọ tó ti rà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo ti òsì.

“Kò tú,” Àrínọlá wí. “Ó já ni. Ràfíátù dì í dáadáa. Èmi ni mo hun ún, mo sì ti mọ̀ láti ìgbà ọyẹ́ pé bó ṣe ń ṣe nínú omi nìyí. Mo mọ̀, mo ń tà á.”

Obìnrin mẹ́ta wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ọ̀já tí Àrínọlá hun ni wọ́n fi pọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí ọmọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò mọ́ títí wọ́n fi túká.

Alfa Fàtáì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Kádàrá ni, ìyá. Ohun tí Ọlọ́run bá ti kọ, kò sí òwú tó lè dá a dúró.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” baálé ilé wí kíá. “Ó tó. Jókòó, Àrínọlá. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òwú ba àdúrà jẹ́.”

Oyèníkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí padà, ó jáde, kò dágbére.

Àrínọlá kò jókòó. Ó fẹ́ kí ẹnì kan bú òun. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ń yẹjú. Ràfíátù nìkan ló ń wò ó.

“Ẹ mọ̀, Ìyáálé mi?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ rí mi nígbà tí mò ń jáde lọ.”

“Mo rí ọ.”

Ràfíátù wo gèlè orúnkún rẹ̀. “Ṣé mo dì í dáadáa?”

“O dì í dáadáa. Kò sí ẹni tó lè dì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ràfíátù tú gèlè lórúnkún, ó ká a, ó gbé e sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún dì í mọ́. Mùkáílà pẹ̀lú kò sọ̀rọ̀ dídá padà mọ́, ó tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, Ràfíátù fúnra rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ó kí gbogbo àgbà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gba ọ̀nà Ilé-Ogbó lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Àrínọlá, ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó dìde, ó ń lọ.

Àrínọlá bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé dé ilé. Gbogbo ẹni tó ta ọ̀já òwú dídán fún, ó gbé ọ̀já òwú ilé dání lọ bá a, kó lè gbà á ní pàṣípààrọ̀. Ó dé Kuta pàápàá. Àwọn kan gbà, wọ́n dúpẹ́. Àwọn mìíràn ní àwọn kò fẹ́, pé èyí tó dán ni àwọn rà. Obìnrin kan fi í ṣẹ̀sín lójú ara rẹ̀, ó ní ṣe ni Àrínọlá fẹ́ gbà á padà lọ tà fún ẹlòmíràn. Àwọn tó rí gbà, ó kó wọn sí ẹ̀yìnkùlé, ó tiná bọ̀ wọ́n. Ṣẹ́dà gidi, bí irun tó ń jó ló máa ń rùn. Eléyìí ń rùn bí ewé gbígbẹ. Igi náà ni lóòótọ́.

Ọdún kan gbáko ló fi ń wá ọ̀nà tí òwú náà yóò fi lè lágbára. Ó lọ́ ọ mọ́ òwú ilé ní méjì méjì, ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì, ó so òkúta mọ́ ọn, ó já. Ó fi òrí pa á, ó já. Nígbà tó fi òwú ilé mẹ́ta lọ́ ẹyọ òwú dídán kan mọ́ra dáadáa, ó gbé òkúta náà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, nínú omi, kò já. Ṣùgbọ́n kò dán tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá arúgbó ra díẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín a máa gbé e wò, wọ́n á rọra gbé e sílẹ̀, wọ́n á kọjá sí ìsọ̀ Oyèníkẹ́. Oyèníkẹ́ fi páànù bo ilé rẹ̀ lọ́dún náà. Òun àti Àrínọlá kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dá, Àrínọlá rìn lọ sí Ilé-Ogbó. Odindi kíjìpá kan ló gbé lọ nínú apẹ̀rẹ̀, aṣọ ìbora, kì í ṣe ọ̀já. Ó bá Ràfíátù ní iwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tó ti ń sá èlùbọ́. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó tẹ́ ẹní fún un, ó gbé omi fún un mu. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣu. Àrínọlá ní ẹsẹ̀ Mùkáílà ti jinná, Ràfíátù ní òun ti gbọ́, pé Mùkáílà ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti mú òun lọ, òun kò sì lọ.

Àrínọlá gbé kíjìpá jáde. “Mo mú eléyìí wá fún ọ.”

Ràfíátù kò fọwọ́ kàn án. “Mo ti fi jì yín, mà. Mo sọ ọ́ lórí ìrun, Ọlọ́run gbọ́. Inú mi kò le sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́. Ẹ̀yin lẹ pa irọ́ yẹn rẹ́ kúrò lára mi, ẹ̀yin náà lẹ sì mọ̀ tí ẹ kò sọ. N kò mọ èyí tí n ó máa rántí nígbà tí mo bá rí ojú yín.”

“Mo gbọ́,” Àrínọlá wí.

Ràfíátù sìn ín dé ibi tí ilé parí sí, bí a ti í sin àlejò. Ó ní kó kí wọn nílé. Ó padà sídìí èlùbọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí èyí tó ti gbẹ lójú kan. Àrínọlá dúró díẹ̀ ní ojú ọ̀nà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rù pẹ̀lú aṣọ náà nínú rẹ̀, ó kọjú sí Ìwó.